Afárá Ààbọ̀ ti Ọlọ́lá Fairbrother

Ẹ wá ibi jókòó sí kí ẹ tó máa ka ìtàn yìí, ẹ sì tètè yàn án, torí ọ̀rọ̀ ọkùnrin tí kò mọ ibi tí yóò jókòó sí ni mo fẹ́ sọ.

Orúkọ rẹ̀ ni Leland Thackery Fairbrother, ọmọ bíbí ìlú Tilson ní ìpínlẹ̀ Vermont, níbi tí màlúù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju ènìyàn lọ, tí yìnyín ń jókòó lórí òrùlé fún oṣù márùn-ún bí àlejò tí kò gbọ́ "ó dàárọ̀". Ọkùnrin náà ga, ó lẹ́wà. Irun orí rẹ̀ funfun bí òwú, ó sì máa ń yà á sí méjì láàárín gbùngbùn orí. Bí ẹ bá ní kí ẹ ka irun apá ọ̀tún, kí ẹ tún ka ti apá òsì, ẹ ò ní rí èyí tó fi ẹyọ kan ju èkejì lọ. Ohùn rẹ̀ wúwo. Tó bá kí ènìyàn pé "ẹ kú àárọ̀", ẹ ó rò pé òfin tuntun ló ń kà. Nǹkan kan ṣoṣo ni Ẹlẹ́dàá kò fi sí i lára nígbà tó dá a: kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá sí apá kan.

Ọ̀rọ̀ ajá ló sọ ọ́ di ẹni ńlá. Ó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nígbà náà. Àwọn kan ní Tilson ní dandan ni kí gbogbo ajá máa wà lórí okùn. Àwọn yòókù ní ajá ò bá okùn wáyé. Ìjà fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ nípàdé ìlú, ni Leland bá dìde, ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó ní:

"Ẹ̀yin ará mi! Bí mo bá wo ọ̀tún, mo rí òtítọ́. Bí mo bá wo òsì, mo tún rí òtítọ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká so okùn mọ́ gbogbo ajá lọ́rùn, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe di ìdí okùn mú."

Àwọn olókùn gbọ́ okùn, inú wọn dùn. Àwọn tí kò fẹ́ okùn gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ò ní dì í mú, inú tiwọn náà dùn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà, ajá ń wọ́ okùn kiri ìlú, okùn ń há sábẹ́ ilẹ̀kùn, ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún mi pé kò sí àlàáfíà.

Wọ́n rán an lọ sílé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní Montpelier. Ìjà agogo ló bá níbẹ̀. Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń ti agogo síwájú ní wákàtí kan, tó bá yá wọ́n á dá a padà. Àwọn kan ní ó tó gẹ́ẹ́, àwọn kan ní kò ì tó. Leland wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní kí wọ́n tì í síwájú ní ààbọ̀ wákàtí. Wọ́n kọ́kọ́ dán an wò nínú yàrá ìgbìmọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ alága rẹ̀. Agogo ìyókù ìpínlẹ̀ fi ààbọ̀ wákàtí ṣíwájú tiwọn, oṣù mẹ́jọ gbáko ni àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ yẹn fi ń dé ibi oúnjẹ ọ̀sán nígbà tí wọ́n bá ti ń fọ abọ́. Wọ́n rù. Ìwé ìròyìn sì kọ ọ́ gàdàgbà pé: FAIRBROTHER, ẸNI TÍ KÌ Í ṢE ÀṢEJÙ.

Ìgbà tí ènìyàn bá ti ní irú orúkọ báyìí, Washington ló kù.

Ní Washington, nílé aṣòfin àpapọ̀, wọ́n fún un ní ọ́fíìsì ńlá àti òṣìṣẹ́ mọ́kànlá. Olórí wọn ni Preston Dill, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ látàrí "bẹ́ẹ̀ ni, sà". Tó bá di àárọ̀, Leland kì í mu tíì, kì í mu kọfí. Ó ní àwọn tó ń mu tíì wà lára àwọn tó dìbò fún òun, àwọn tó ń mu kọfí náà sì wà níbẹ̀. Ààbọ̀ ife tíì, ààbọ̀ ife kọfí, ni wọ́n ń dà pọ̀ fún un. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ rí i pé ọ̀gá ń mu ún, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún. Ènìyàn mọ́kànlá ń fa ojú ro láràárọ̀, wọ́n ń sọ pé ó mà dùn o.

Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ níwájú èrò, àwọn òṣìṣẹ́ yìí á tò sẹ́yìn rẹ̀. Tó bá ní "bí mo bá wo ọ̀tún", gbogbo wọn á yíjú sí ọ̀tún. Tó bá ní "bí mo bá wo òsì", wọ́n á yí i sí òsì. Lọ́jọ́ kan tó sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì, ọrùn obìnrin kan lára wọn kọ̀ láti padà. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń wo òsì.

"Ọlọ́lá jùlọ," Dill á wí, "ẹ̀yin ni òpó àárín ilé. Bí ẹ bá kúrò, àjà á wó."

"Preston, má yìn mí jù."

"Mi ò ní yìn yín jù, ọ̀gá."

"Má sì jẹ́ kó kéré jù."

"Ó yé mi, ọ̀gá. Níwọ̀ntúnwọ̀nsì."

Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í yìn ín rárá: ìyá rẹ̀, Màmá Thirza, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún, tó ń dá gbé ní Tilson pẹ̀lú ààrò onígi rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi, tí ìyá yìí bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, á fóònù ọmọ rẹ̀.

"Leland, kí ni iṣẹ́ tí o ń ṣe níbẹ̀ yẹn gan-an?"

"Mo ń mú àwọn ènìyàn wá sí àárín, Mọ́mì."

"Tí wọ́n bá dé àárín ńkọ́?"

Leland á ní ẹnìkan ń kan ilẹ̀kùn.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn títí di oṣù keje ọdún tí odò Tanner kún, tó sì gbé afárá Tilson lọ. Lódì kejì odò, oko kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, oko Alma Peaslee. Opó ni Alma, ó ní màlúù mẹ́tàlélógójì. Òun àti Leland jọ kàwé ní kíláàsì kan náà ni. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni wọ́n ń fún wàrà màlúù, bí òjò ń rọ̀, bí yìnyín ń bọ́. Táǹkì Alma kò sì lè gbà ju wàrà ọjọ́ méjì lọ. Ọkọ̀ tó ń kó wàrà ní láti dé dandan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ni wọ́n á máa da wàrà sí. Láti ìgbà tí afárá ti lọ, ojú ọ̀nà àwọn agégẹdú inú igbó ni awakọ̀ náà ń gbà yípo wá, ó sì ti sọ ojú abẹ níkòó fún Alma:

"Màmá, tí ilẹ̀ bá ṣì le, màá máa wá. Tí yìnyín bá yọ́, tí àsìkò ẹrẹ̀ bá dé, ẹ má retí mi. Ẹrẹ̀ yẹn gbé ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi mì lọ́dún kan, iwájú ọkọ̀ nìkan la rí."

Àsìkò ẹrẹ̀ kì í pẹ́ ju ìparí oṣù kẹta lọ kó tó dé. Tí afárá kò bá sí kó tó dìgbà náà, Alma máa ta màlúù rẹ̀, kò sì ní iṣẹ́ mìíràn tó mọ̀ láyé. Ó kọ lẹ́tà sí Leland.

Leland gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé aṣòfin àpapọ̀. Àwọn kan níbẹ̀ ní kí ìjọba kọ́ afárá náà. Àwọn kan ní kò kan ìjọba. Leland dìde, ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àádọ́rin. Nígbà tó jókòó, gbogbo wọn fọwọ́ sí i pé kí ìjọba kọ́ ààbọ̀ afárá.

Ẹ̀yin ará, mi ò purọ́. Àwọn baba wa ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, tó bá dé inú rẹ̀ á di odidi. Ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ààbọ̀ afárá, tó bá dé inú odò, inú odò náà ló ń dúró sí.

Nínú oṣù kẹwàá, wọ́n kọ́ ọ: irin gidi, pákó gidi, ó gbéra láti apá ìlú, ó dé àárín odò gẹ́lẹ́, ó dúró. Irin tí wọn ò lò wà nílẹ̀ lẹ́yìn gáréèjì ìlú. Ọlọ́lá fúnra rẹ̀ wá ṣí i. Dill gbé àlùmọ́gàjí wá lórí tìmùtìmù pupa. Leland gé rìbọ́ọ̀nù tí wọ́n so mọ́ ẹnu afárá dé ìdajì, ó dúró, àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́.

Alma dúró sódì kejì odò, ó wọ bàtà rọ́bà, ó pariwo wá láti òkèèrè pé, "Leland! Màlúù mi ò lè fò o!"

"Alma, ìdajì ọ̀nà ti parí!"

"Ìdajì ọ̀nà lọ sí ibo?"

"Sí àárín!"

Alma wò ó títí. "Láti kíláàsì kejì lo ti rí báyìí," ló wí. "Tíṣà bi ọ́ pé méjì àti méjì jẹ́ mélòó, o ní kí wọ́n bi àwọn yòókù ná."

Ìgbà òtútù dé. Leland sì ti ń fojú sí ipò séńétọ̀. Dill ní kí àwọn oníròyìn wá wo ọ̀gá òun láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀, níbi ìpàdé ìlú Tilson, tó máa ń wáyé ní ọjọ́ ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹta.

"Ẹ kàn máa jókòó láàárín wọn ni, ọ̀gá, ẹ máa rẹ́rìn-ín músẹ́."

"Láàárín gan-an?"

"Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sílẹ̀, ọ̀gá."

Bẹ́ẹ̀ lọ́rọ̀ rí. Nínú gbọ̀ngàn ìlú, wọ́n gbé àga Leland kalẹ̀ sórí àmì ṣọ́ọ̀kì, láàárín gbùngbùn ilẹ̀. Dill àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jókòó pẹ̀lú àwọn oníròyìn lórí bẹ́ǹṣì àlejò lẹ́yìn, torí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú kò gbọdọ̀ la ẹnu nípàdé. Nínú kíṣìnì, àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ti gbé ẹ̀wà àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sínú ààrò, òórùn ti gba gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa jẹun títí wọn yóò fi parí ọ̀rọ̀ kẹsàn-án. Ọ̀rọ̀ kẹsàn-án náà sì nìyí: ṣé kí ìlú fi owó orí ara rẹ̀ kọ́ ààbọ̀ afárá tó kù? Ọ̀gá àwọn tó ń kọ́ afárá ti ní bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ lọ́la, kí yìnyín tó yọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á ká a.

Orrin Stickney, àgbà tó ń darí ìpàdé, lu òòlù onígi rẹ̀. Ó ní kí àwọn tó gbà wí "bẹ́ẹ̀ ni". Ariwo sọ. Ó ní kí àwọn tí kò gbà wí "bẹ́ẹ̀ kọ́". Ariwo sọ bákan náà. Alma bá dìde.

"Bàbá Orrin, mo ní kí ilé pín."

Àṣà àwọn ará Tilson nìyẹn láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Tí ohùn ò bá yàtọ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń dìbò. Àwọn tó gbà á lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, àwọn tí kò gbà á lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò iná tó ń mú gbọ̀ngàn móoru, wọ́n á sì kà wọ́n lórí. Kí lẹ rò? Àwọn ènìyàn gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n tú ká, ọkọ lọ síbì kan, ìyàwó lọ síbòmíràn. Màmá Thirza, tó máa ń ṣọ́ kọ́bọ̀ bí ẹni ń ṣọ́ ẹyin, gba ẹ̀gbẹ́ ààrò lọ. Nígbà tí ilẹ̀ gbọ̀ngàn ṣófo tán, àga kan ṣoṣo ló kù láàárín, Leland sì wà lórí rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Orrin kà. Mọ́kànlélọ́gọ́ta níbi fèrèsé. Mọ́kànlélọ́gọ́ta níbi ààrò.

"Tó bá dọ́gba, ọ̀rọ̀ ti ṣubú nìyẹn," Orrin wí jẹ́ẹ́. "Ọkọ Alma tó kú, mọ̀lẹ́bí mi ni, mo sì ti sọ pé mi ò ní dá sí i." Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Ó ku ẹnì kan."

Gbogbo ilé yíjú sí àárín. Alma di etí àpò aṣọ rẹ̀ mú.

Leland dìde. "Ẹ̀yin ará mi! Bí mo bá wo ọ̀tún..."

Lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, àwọn òṣìṣẹ́ mọ́kànlá yíjú sí ọ̀tún pa pọ̀. Àwọn ará ìlú bú sẹ́rìn-ín.

"Leland," Orrin wí, "kì í ṣe ọ̀rọ̀ la ní kí o sọ. Rìn ni."

"Ṣé n lè dúró síbi tí mo wà?"

"Kò sí àárín nínú òfin wa."

"Tí n bá fi ẹsẹ̀ kan síhìn-ín, tí n fi ẹsẹ̀ kan sọ́hùn-ún ńkọ́?"

"Yàrá yìí fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà márùndínlógójì. O ga o, ṣùgbọ́n o ò ga tó yẹn."

Leland wo Dill. Dill na ìka méjì, ó fi hàn án pé wọ́n dọ́gba, ó sì rọra fa ara rẹ̀ sẹ́yìn oníròyìn kan. Leland wo fèrèsé, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Àwọn ará ààrò kùn. Ó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Ó wo ààrò, ó gbé ẹsẹ̀ òsì. Àwọn ará fèrèsé mí kanlẹ̀. Ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá, ó di ogún. Láti kíṣìnì ni ẹnìkan ti pariwo pé ẹ̀wà ti fẹ́ jóná.

Hollis Gaskill, àgbẹ̀ kan lápá ààrò, ò lè mú un mọ́ra mọ́. "Leland! Ebi ń pa wá! Bó o bá fẹ́ bá wa ṣọ̀tá, bá wa ṣọ̀tá ká lọ jẹun!"

"Má yọ mí lẹ́nu, Hollis, mo ń ronú."

"Láti ọjọ́ ọ̀rọ̀ ajá, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lo ti ń ronú!"

Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ ọ̀pá. Kọ́, kọ́, kọ́. Màmá Thirza ti kúrò níbi ààrò, ó ń bọ̀ láàárín ilẹ̀, ó ń sinmi lẹ́yìn ìgbésẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta.

"Mọ́mì, ibo lẹ ń lọ?"

"Mo ń lọ síbi tí mò ń lọ. Ìwọ ńkọ́?"

"Ṣebí ẹ ní owó orí ti pọ̀ jù?"

"Ó pọ̀ jù. Ó ń dùn mí dé egungun, mo sì ń sọ ọ́ síbẹ̀." Ó dúró níwájú àga rẹ̀, ó wò ó láti orí dé bàtà. "Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù ni pé mo bí ọ ní odidi, ìyàwó Dókítà Pettengill gbé ọ lé mi lọ́wọ́ ní odidi. Mi ò mọ ibi tí o gbé ààbọ̀ tó kù sí. Alma, sún, jẹ́ kí n dúró."

Alma sún fún un. Omi ti gba ojú rẹ̀.

"Méjìlélọ́gọ́ta," Orrin wí, "àti ọgọ́ta." Ó gbé òòlù sókè.

Bí Leland ṣe rí ibi tí ọ̀rọ̀ gbà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ jí. Ó fò sókè. "Mo ti pinnu! Mo wà pẹ̀lú Alma! Láti àárọ̀ ni mo ti..."

Òòlù balẹ̀. "Ìdìbò ti parí," Orrin wí. "Ẹ lọ jẹun."

Ènìyàn méjìlélọ́gọ́fà gba kíṣìnì lọ. Akọ̀wé ìlú tẹ̀ mọ́ ìwé rẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ dòní: *Àwọn tó gbà, 62. Àwọn tí kò gbà, 60. Ẹni tó jókòó, 1.*

Ṣé ẹ rántí àwọn oníròyìn? Nígbà tí ọjọ́ kejì mọ́, àwòrán Leland ti wà lójú ìwé àkọ́kọ́ káàkiri orílẹ̀-èdè: ilẹ̀ gbalasa, àga kan, ọkùnrin kan, ẹsẹ̀ kan lókè. Àwọn ọmọ iléèwé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe eré ẹlẹ́sẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Fairbrother, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀ ti jókòó. Nígbà ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ nínú oṣù kẹjọ, àwọn ọ̀tún ní àwọn ò mọ̀ ọ́n rí, àwọn òsì béèrè pé ta nìyẹn. Ìbò mẹ́rin ló ní ní Tilson. Ìkarùn-ún wà o, ṣùgbọ́n wọ́n fagi lé e, torí ẹni tó dì í sàmì sí orúkọ Leland, ó sì tún sàmì sí ti alátakò rẹ̀. Leland fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀ pé òun ni. Ó ní ó ti mọ́ òun lára.

Kí wọ́n tó ka ìbò tán, Dill ti wà níwájú ilé ẹni tó wọlé. "Ọlọ́lá jùlọ," ó ń wí, "ẹ̀yin ni òpó." Àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́wàá yòókù padà sí kọfí gidi, a gbọ́ pé àwọn kan lára wọn sunkún nígbà tí wọ́n tọ́ ọ wò.

Ní ti afárá, wọ́n fi irin tó wà lẹ́yìn gáréèjì parí rẹ̀ ní ọjọ́ méjìdínlógún. Ọjọ́ kejì tí ọkọ̀ wàrà kọ́kọ́ gba orí rẹ̀ kọjá ni ẹrẹ̀ ya, tí ojú ọ̀nà inú igbó di ọbẹ̀. Màlúù mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógójì wà nílé. Alma ṣe wàrà kíkan fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì.

Leland padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Nípàdé ìlú ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fún un níṣẹ́. Gbogbo wọn ló gbà, ẹyọ kan ò takò. Wọ́n fi ṣe alábẹ̀wò ọgbà ààlà, ẹni tó máa ń lọ wo ọgbà wáyà tó wà láàárín oko méjì, tó sì máa ń sọ ẹni tó ni ẹ̀bi. Mo rò pé ẹni tó dá a lábàá mọ ohun tó ń ṣe, ọ̀pá ló sì fi ń rìn.

Ẹjọ́ àkọ́kọ́, ti Hollis àti Alma ni, lórí ilẹ̀ ìjẹko kan tí Alma ní lápá ìlú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko Hollis. Màlúù Alma kan ti gba ojú wáyà tó já, ó ti jẹ àgbàdo Hollis. Wọ́n dúró lórí ààlà, Hollis lápá kan, Alma lápá kejì, màlúù láàárín, ó ń jẹnu. Màmá Thirza jókòó nínú mọ́tò, ó ti sọ gíláàsì fèrèsé rẹ̀ kalẹ̀.

Leland wo wáyà. Ó wo òpó. "Bí mo bá wo ọ̀tún..."

"Leland!" ohùn kan wá láti inú mọ́tò.

Leland pa ojú dé. Òógùn bò ó. "Alma ni," ló wí. "Wáyà Alma ló já. Alma ló máa tún un ṣe, kó sì san àgbàdo."

Leland fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Alma bú sẹ́rìn-ín títí tó fi di òpó mú. "Ẹ gbà mí o! Àádọ́ta ọdún tí mo ti ń bẹ ọkùnrin yìí pé kó sọ̀rọ̀, ọjọ́ tó máa sọ ọ́, orí mi ló sọ ọ́ lé!" Ṣùgbọ́n ó tún wáyà náà ṣe lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí wọ́n délé, Màmá Thirza gbé ìkòkò kaná. Ó kẹ́yìn sí ọmọ rẹ̀, ó ń wá ife.

"Tíì ni àbí kọfí?"

Leland wo tábìlì. Ó wo fèrèsé. Ó mí kanlẹ̀.

"Kọfí ni, Mọ́mì."

"Kọfí ti tán láti àná," ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì da omi gbígbóná sórí tíì. "Mo kàn fẹ́ gbọ́ ohun tí o máa sọ ni."